Ṣé ó yẹ kí agẹ́ǹtì ilé gba BVN lọ́wọ́ ẹni?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ilé ni mò ń wá ní Ìbàdàn, agẹ́ǹtì tó mú mi lọ wo ọ̀kan sì ti gbé fọ́ọ̀mù lé mi lọ́wọ́, pé kí n kọ NIN àti BVN mi sí i, kí n sì fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ mi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp.

Onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tí yóò gbà sílé. Ṣùgbọ́n kí ni BVN, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ èmi àti báǹkì, ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbà? Nínú ọ́fíìsì agẹ́ǹtì náà, orí tábìlì gbalasa ni fọ́ọ̀mù àwọn tó ti gba ilé ṣáájú wà, tí fọ́tò wọn lẹ̀ mọ́ ọn, tí nọ́ńbà fóònù wọn sì hàn ketekete. (Irú bébà bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́pà fi ń pọ́n ẹ̀pà fún wa.)

Mo mọ̀ pé òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìsọfúnni ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ, mo sì mọ̀ pé NIN onígbà díẹ̀ wà, tí èèyàn lè fún ẹlòmíràn dípò NIN rẹ̀ gan-an, tí kì í ṣiṣẹ́ ju wákàtí 72 lọ, àmọ́ agẹ́ǹtì yìí ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ilé láìpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè kọ̀ tí wọn kò fi ní gbé ilé náà fún ẹlòmíràn? Bí mo bá sì fún un ní ẹ̀dà, ṣé ó wúlò kí n kọ “fún ilé gbígbà nìkan” àti déètì gba ojú rẹ̀ kọjá?