Ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ: kí ni wọ́n ń bi í báyìí?

Òṣìṣẹ́ ìgbẹ̀jẹ̀, Amẹ́ríkà

Ó máa ń dùn mí gan-an tí ọkùnrin kan bá tẹ̀ lé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá síbi ìgbẹ̀jẹ̀, tó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ní wọn kì í gba ti irú òun. Òfin tó ń sọ yẹn ti kúrò nílẹ̀. Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń sọ pé ọkùnrin tó bá ti bá ọkùnrin lò pọ̀ láti 1977, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kò gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ títí ayé. Oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni wọ́n dín in kù sí oṣù 12. Nígbà tí Kòrónà dé tí ẹ̀jẹ̀ di ọ̀wọ́n, ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ó di oṣù 3. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, FDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀jẹ̀, yọ ìbéèrè náà kúrò pátápátá, American Red Cross, ẹgbẹ́ tó ń gba ẹ̀jẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ ìlànà tuntun ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn.

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń dáhùn báyìí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Láàárín oṣù 3 sẹ́yìn, ṣé ẹ ti bá ẹni tuntun lò pọ̀? Ṣé ẹni tẹ́ ẹ bá lò pọ̀ ju ẹyọ kan lọ? Ẹni tó bá dáhùn "rárá" sí méjèèjì, ẹ̀ka yẹn ti parí fún un. Ẹni tó bá sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á bi í bóyá ó ti ní ìbálòpọ̀ láti ihò ìdí láàárín oṣù 3 náà. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á lọ sílé fún oṣù 3. Rọ́bà ìdáàbòbò kò yí ìdáhùn yẹn padà. Torí náà, ọkùnrin méjì tó ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, tí kò sí ẹlòmíì láàárín wọn, lè jókòó sórí àga lọ́jọ́ kan náà.

Ibi tó ti ń ru àwọn èèyàn lójú ni "ẹni tuntun" yẹn. Olólùfẹ́ àtijọ́ tẹ́ ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀, tẹ́ ẹ wá padà bá ara yín sùn láàárín oṣù 3, ẹni tuntun ni wọ́n kà á sí.

Òṣìṣẹ́ yàrá ìṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ oṣù 3. Gbogbo báàgì la ń yẹ̀ wò, àmọ́ kò sí ayẹ̀wò tó ń rí kòkòrò lọ́jọ́ tó wọ ara. NAT, tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, máa ń rí HIV lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 11. Èyí tó ń wá ohun tí ara fi ń bá a jà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 3. Ṣáájú ìgbà yẹn, kòkòrò lè wà nínú báàgì kí ẹ̀rọ sì sọ pé kò sí. Oṣù 3 kọjá gbogbo èyí dáadáa. Báàgì kan, tó tó nǹkan bí ìdajì lítà, sì lè di mẹ́ta: ẹ̀jẹ̀ pupa, omi ara ẹ̀jẹ̀, àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Irọ́ kan lórí fọ́ọ̀mù lè dé ara aláìsàn mẹ́ta.

PrEP, oògùn tí ẹni tí kò ní HIV ń lò kó má bàa kó o, ni àwọn èèyàn máa ń fi pa mọ́ jù, òun ló sì ń kó wàhálà bá wa jù. Tí kòkòrò bá ráyè wọ ara ẹni tó ń lo PrEP, oògùn náà lè tẹ̀ ẹ́ rì débi pé ayẹ̀wò ò ní rí i lásìkò. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ní kí ẹni tó ń lo oníhóró dúró oṣù 3 lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn, kí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró ọdún 2. Ẹ má torí àtifi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ pa PrEP tì o. Ẹ̀mí tiyín náà ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kó yé wa. Ẹni tó ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí kòkòrò ò hàn mọ́ nínú ayẹ̀wò, kì í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹlòmíì kò sí lábẹ́ ìlérí yẹn, torí náà kò lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Láti London

Ní England, Scotland àti Wales, ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ìbéèrè yìí, ṣáájú Amẹ́ríkà. PrEP oníhóró níbí náà, oṣù 3 ni.

Ohun kan wà tó kan àwa Yorùbá gan-an. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń bi èèyàn bóyá ẹni tó ń bá lò pọ̀ ti ní ìbálòpọ̀ ní ilẹ̀ tí HIV ti gbilẹ̀, èyí tó kó ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ ọn. Ìbéèrè yẹn dá ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ padà, títí kan tọkọtaya tí wọn ò mọ ẹlòmíì. England yọ ọ́ kúrò ní ìparí 2021. Ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n sì ń wá jù: irú tí wọ́n ń pè ní Ro wọ́pọ̀ lára àwa adúláwọ̀ ju aláwọ̀ funfun lọ, òun ló sì máa ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mu.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ibà ló máa kọ́kọ́ dá a dúró. Wọ́n lè ṣàyẹ̀wò ibà fún un tó bá ti tó oṣù 4 tó padà dé.

Ẹni tó ń forúkọ àwọn olùfi-mùdùnmúdùn-sílẹ̀ sílẹ̀, Amẹ́ríkà

Ẹ má da mùdùnmúdùn eegun, tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú ara, pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. NMDP, ẹgbẹ́ tó ń wá olùfi-mùdùnmúdùn-sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà, kì í lé ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹni ọdún 18 sí 40 ni wọ́n ń gbà. Wọn ò ní fà yín lẹ́jẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kọ́tìn orí igi ni ẹ máa fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ibi tí òfin ti le díẹ̀ ni èyí: ìlànà FDA ti 2007 sọ pé ọkùnrin tó bá ọkùnrin lò pọ̀ láàárín ọdún 5 kò yẹ láti fi ẹ̀yà ara bíi awọ iwájú ẹyinjú (cornea) sílẹ̀, ó sì kan sẹ́ẹ̀lì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń fà láti inú ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni wọ́n gbé àbá jáde láti yí i padà. Àmọ́ fún aláìsàn tí kò ní ẹlòmíì tó bá a mu, dókítà rẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀ràn kánjúkánjú ni, kí iṣẹ́ sì máa lọ.

Bí wọ́n bá pè yín, ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù: ọjọ́ 5 abẹ́rẹ́ filgrastim, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì yẹn pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì máa ń jẹ́ kí eegun dun èèyàn, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á fa ẹ̀jẹ̀ láti apá kan, á yọ sẹ́ẹ̀lì náà, á dá ẹ̀jẹ̀ yòókù padà sí apá kejì, fún bíi wákàtí 4 sí 8. Ọ̀nà kejì, wọ́n á kùn yín lóorun, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn láti ẹ̀yìn eegun ìbàdí. Ara á ti dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

NMDP sọ pé aláìsàn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà ní àǹfààní ìdá 29 nínú 100 péré láti rí ẹni tó bá a mu délẹ̀. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 79. Torí náà, mo bẹ̀ yín, tí nọ́ńbà fóònù yín bá yí padà, ẹ sọ fún wọn. Tí ẹ ò bá sì fẹ́ ṣe é mọ́, ẹ tètè sọ, torí kí ọjọ́ tó pé ni wọ́n ti máa ń fún aláìsàn ní oògùn tó ń pa mùdùnmúdùn tirẹ̀. Tí ẹ bá yẹsẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò ní nǹkan kan tó máa fi gbé ẹ̀mí ró.

Òṣìṣẹ́ ìgbẹ̀jẹ̀, Amẹ́ríkà

Ẹ ṣeun. Fún ẹni tí wọ́n ti dá padà lábẹ́ òfin àtijọ́: orúkọ yín lè ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ yín. Nọ́ọ̀sì tó wà níbi àga kì í lè yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó dá yín padà ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ ní kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ yín yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì dúró de èsì wọn kẹ́ ẹ tó gbéra.