Iná ewé kọ́, iná òbèdò ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọdẹ òru ń gbé sórí báyìí, èyí tí iná rẹ̀ kì í ṣe funfun bí kò ṣe àwọ̀ ewé tútù, ló gbé mi dìde. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí á máa pè é ní "iná ewé". Ẹlòmíràn ní "tọ́ọ̀ṣì gíríìnì" ti tó, kí á má da ara wa láàmú. Ti ìkejì ò bí mi nínú. Ti ìkíní ni n kò lè gbé mì.

Iná tó ń jó, iná ni. Iná tí a fi ń ríran, iná náà ni. Ní ẹnu tiwa ní Èkìtì, "uná" la ń pe méjèèjì. Ẹ sọ "iná ewé" fún àgbẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé nínú ọyẹ́, oko kòkó rẹ̀ ni yóò sáré lọ wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ pupa gan-an ni ìjàǹbá wà. Àwọn kan ti kọ "iná pupa" sílẹ̀ fún irú tọ́ọ̀ṣì kejì, èyí tí iná rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, bíi pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọdẹ ni wọ́n láti kékeré. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní iná pupa dára fún ọdẹ òru." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé tuntun nìyẹn? Tọ́ọ̀ṣì onígílóòbù tí mo lò kí ti àwọn ará Ṣáínà tó dé, ṣé funfun ni iná rẹ̀ ni?"

Wọ́n jàre. Dúdú, pupa, funfun ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ lédè wa. Epo pupa, ènìyàn pupa, iná gílóòbù pupa: èyí tí òyìnbó pín sí mẹ́ta mẹ́rin, inú pupa ló wà lọ́dọ̀ wa. Ewé tútù ńkọ́? Ọ̀dọ̀ dúdú ló ń lọ. Ẹ gbọ́ bí a ti ń sọ pé igbó dúdú minimini. Bí a bá tẹ̀lé ìyẹn délẹ̀, "iná dúdú" la ó máa pe tọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ sì mọ̀ pé wọn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹnìkan tún dábàá "iná tí ẹran kì í rí". Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn irọ́ ọlọ́jà ni. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni ojú ọmọ ènìyàn fi ń mọ àwọ̀. Méjì ni ti ìgalà, ẹtu àti túùkú. Èyí tó ń gba pupa tó jinlẹ̀ ni wọn ò ní, nítorí náà irú iná bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òkùnkùn fún wọn. Àmọ́ ó ṣe bàìbàì lójú ọdẹ náà, kì í jẹ́ kó ríran jìnnà. Àwọ̀ ewé ni ojú tiwa ń rí jù, ní bíi nanómítà 555 (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìgbì iná) lójú ọ̀sán, ìdí nìyẹn tí iná kékeré rẹ̀ fi ń tó ọdẹ lò. Ẹran ń rí i o! Kì í kàn gún un lójú bíi funfun tó mọ́ gbòò ni.

(Awọ tó wà ní ẹ̀yìn nínú ẹyinjú ọ̀pọ̀ ẹran, tó ń dá iná padà bíi dígí, ńkọ́? Ojú ẹran á kàn máa kọ mànà nínú igbó. Mo fẹ́ "ìkọmànà ojú" fún un. Ẹ bá mi wò ó.)

Àbá mi rèé: kí á fi ohun tí ojú mọ̀ sọ ọ́, bí a ti ń ṣe pẹ̀lú àwọ̀ eérú. Òbèdò tó ń yọ̀ lórí òkúta odò, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Iná òbèdò. Èyí tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, iná osùn. Kò sí ẹni tí yóò rò pé òbèdò ń jó, kò sì sí ẹni tí yóò pe gílóòbù ní osùn.

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì òbèdò kan lọ fún Bàbá, orúkọ tuntun náà wà lẹ́nu mi. Òyà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n tanná sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un wò. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà?" Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó kàn dúdú bí èédú ni, torí lábẹ́ iná tí kò ní pupa nínú, pupa kì í hàn ní pupa. Wọ́n ní, "Bí mo bá yìnbọn lu ẹran tó sá lọ, kí ni n ó fi tọ ipa rẹ̀?" Wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì funfun wọn padà sápò, wọ́n ní àwọn ó máa gbé méjèèjì.

Mo sọ "iná òbèdò" fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. "Asẹ̀jẹ̀dèédú" ni wọ́n ń pè é títí mo fi kúrò níbẹ̀.