Èsì: «ìrònú ẹ̀rọ» kọ́, «ìmọ̀-ọ́n-rò» ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín láti Bódìjà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ti ìkọ́ni, ìkẹ́kọ̀ọ́ àti làákàyè ọmọ lẹ́yìn béèrè orúkọ tí òun lè pe ìkẹta yẹn, ìyẹn agbára àtitú ọ̀rọ̀ wò kí a sì rí ojútùú. Bàbá wa kan ní «ìrònú ẹ̀rọ» ti tó. Ẹ forí jì mí sà, mi ò fara mọ́ ọn. Bí a bá ní ìrònú àgbà, ṣebí àgbà ló ni ìrònú náà? Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wádìí, ọmọ ló ni ín.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kan wà tó ń bi ọmọ ní ìbéèrè, tí yóò sì sọ fún un bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. PLATO tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní 1960 wà lára wọn. Ìkọ́ni nìyẹn, kò sí wàhálà orúkọ níbẹ̀. Àmọ́ ní 1967, Wally Feurzeig, Seymour Papert àti Cynthia Solomon gbé Logo jáde ní Amẹ́ríkà, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọdé. Níbẹ̀, ọmọ ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìjàpá kan sí i tó ń fa ilà bó ṣe ń rìn. Tiwa gbọ́n jù ú lọ fíìfíì. Ohun tí o bá ní kí ti Logo ṣe nìkan ló ń ṣe.

Mo rí ọmọ kan ní Agbowó tó fẹ́ fi ìjàpá yìí ya àwòrán onígun mẹ́ta. Wọ́n ti kọ́ ọ pé dìgírì 60 ni igun kọ̀ọ̀kan, ló bá ní kó rìn síwájú, kó yí sápá ọ̀tún ní 60, lẹ́ẹ̀mẹta. Ilà ò pàdé. Ó fajú ro. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín lórí ilẹ̀ kíláàsì, ó wá rí i pé ẹ̀yìn igun ni ìjàpá ń yí, kì í ṣe inú rẹ̀. Ó pa 60 rẹ́, ó kọ 120. Ilà pàdé. Ẹ̀rọ ò ronú kankan níbẹ̀ o.

«Ìmọ̀-ọ́n-rò» ni mo fọwọ́ sí. A ti ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, ohun tí èèyàn lè ṣe ló ń sọ. Kálámù ò bá wọn wọ inú orúkọ yẹn, kí ló wá gbé ẹ̀rọ wọ inú èyí? Ẹni tó dábàá «àròjinlẹ̀» náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n àròjinlẹ̀ ń fẹ́ ìjókòó jẹ́ẹ́, ọmọ Agbowó yẹn sì dìde rìn ni. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, ọ̀rọ̀ tó rọ ọmọ lẹ́nu ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Àbúrò wa tó ní bí ará Ìbàdàn bá gbọ́ «ìmọ̀-ọ́n-rò», á rò pé àmàlà ni wọ́n fẹ́ rò, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kéde mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà káàkiri, ta ló gbé ọkọ́ lọ sóko pé ebè ni wọ́n ní kí òun wá kọ?