Ọ̀rọ̀ aṣọ ijó àti ibi ìpààrọ̀ aṣọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ oníjó àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń darí. Ọmọbìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọn ò ka ara wọn sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Mo fẹ́ kí ara tu gbogbo wọn, torí ẹni tójú ń tì kì í lè na apá rẹ̀ tán.

Aṣọ ló ń dà mí láàmú jù. Yẹ̀rì kan náà ni wọ́n máa ń wọ̀ jó. Ọ̀kan nínú wọn máa ń da ẹ̀wù ńlá lé tirẹ̀ lórí, á sì lọ dúró sẹ́yìn pátápátá, bẹ́ẹ̀ òun ni ijó rẹ̀ dùn-ún wò jù. Tó bá ti gbàgbé pé à ń wo òun, ẹ ò ní lè mójú kúrò lára rẹ̀! Mo ń rò ó pé kí àwọ̀ aṣọ wọn bára mu, kí kálukú sì mú ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì bó ṣe wù ú. Ṣé kò ní da ojú ìtàgé rú? Àwọn ọkùnrin Les Ballets Trockadero de Monte Carlo, ẹgbẹ́ oníjó kan ní New York, ṣáà ti ń wọ yẹ̀rì jó bálẹ̀ẹ́tì láti 1974.

Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ńkọ́? Ẹyọ kan la ní. Ṣé kí n so aṣọ ìkélé síbẹ̀ fún gbogbo wọn, kó má di pé mo ya ẹnì kan sọ́tọ̀?

Òbí tó bá sì ń bi mí nípa ọmọ ẹlòmíràn, kí ni kí n fi dá a lóhùn láìtú àṣírí ọmọ náà?