Ọkọ̀ tó ń dákú, tó ń dájí: orúkọ wo ni ká pè é?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀kun o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ fún àwọn awakọ̀ típà ní Ìsánlú ń wá orúkọ fún àléébù ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ṣíná lónìí, tó kọ̀ lọ́la, tó tún ṣíná lọ́túnla láìjẹ́ pé sípánà kankan kàn án. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní ká pè é ní "àìṣedéédé ìjí ẹ́ńjìnì." Màmá wa ní Mọ̀pà ní àbíkú ni. Ẹlòmíì ní wárápá. Mo ní típà kan tó ń kó yanrìn ní Kàbà, àléébù yìí sì ti jẹ mí lówó, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Wárápá ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Bí kò bá tíì gbé ẹni, ara onítọ̀hún le koko. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ yìí ṣe máa ń ṣe níwájú mẹkáníìkì, a ṣíná bí ọmọ rere. Àmọ́ àwọn tí wárápá ń bá jà náà máa ka ìwé yìí. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́.

Àbíkú dára, àmọ́ kì í ṣe ibí ni ipò rẹ̀. Ohun tí a tún ṣe tán, tí a sanwó, tí a dúpẹ́, tó tún padà wá, òun ni àbíkú. Rédíétọ̀ tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀mẹta tó tún ń jò, àbíkú nìyẹn. Eléyìí, ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tiyín gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Ẹ wo "jí" ná. Jí ojú oorun àti jí ti olè, ohùn kan náà ni wọ́n ń lò. Bí awakọ̀ mi bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé "Mo ti jí típà ní Ọbájánà láago márùn-ún," ṣé kí n dúpẹ́ ni àbí kí n wá ọlọ́pàá lọ? "Gbiná" tí ẹnì kan fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ tún burú jù: ẹ́ńjìnì tó bá gbiná, iyẹ̀pẹ̀ là ń bù sáré lọ síbẹ̀.

Ṣíná ni gbogbo wa ń sọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àtakò tí mo rí ni pé dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná, iná wo la wá ń ṣí? Òótọ́ ni pé kò ta iná. Afẹ́fẹ́ lásán ni písítìnnì ń fún pọ̀, títí àyè rẹ̀ á fi kù bí ìdá kan nínú 14 sí 22, tí ooru rẹ̀ á sì kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà yẹn ni nọ́sù, ẹnu tóóró tí epo ń gbà wọlé, á wá fín epo sí i, epo á sì mú iná fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ bí ìdí pọ́ǹpù ṣe ń gbóná. Ohun tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, ṣe yọrí ní Augsburg ní 1897 nìyẹn. Iná kúkú wà níbẹ̀, inú ló ti ń tan.

Àmọ́ "ṣíná" bo ohun méjì mọ́lẹ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kíkì, mọ́tò kékeré tó ń lo iná bátìrì, á kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnì. Iṣẹ́ bátìrì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni epo á mú. Iṣẹ́ pọ́ǹpù àti nọ́sù nìyẹn. Ọkọ̀ lè yí kó má mú. Ó sì lè má yí rárá, kó kàn máa ṣe "kọ́, kọ́, kọ́."

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, awakọ̀ mi pè mí: "Ọ̀gá, kò ṣíná o." Mo ní kó pe rẹ́wáyà, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Rẹ́wáyà gbọ́ pé kò ṣíná, ó ní bátìrì ni. Méjì ni típà yìí ń lò, volt 12 kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so léra di 24. A pààrọ̀ méjèèjì. Ó di ọjọ́ kẹta, ó kọ̀. Rẹ́wáyà ní kíkì ni. A tú kíkì. Ó ṣíná lọ́jà, ó ṣíná létí odò, mo ti ń dúpẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó tún kọ̀. Bàbá kan tó ti ń tún tírélà ṣe kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991 ló bi awakọ̀ pé ṣé ó ń yí. Ó ń yí dáadáa. "Níbo lo máa ń gbé e sí mọ́jú?"

Ilé awakọ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, òkè ni ọkọ̀ máa ń kọjú sí. Ìdè rọ́bà epo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fítà, asẹ́ tó ń sẹ́ epo, ti dẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Epo ò jò sílẹ̀ tí èèyàn ì bá fi rí i. Ṣe ló ń rọra padà sínú táńkì lóru. Bí ọkọ̀ bá sùn níbi títẹ́jú, kì í padà tán. Bàbá fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tó wà lára fítà títí tó fi le, awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ó mú. Owó ìdè tuntun ò tó ti ẹran tí a fi jẹun lọ́jọ́ náà. Bátìrì méjì tí mo rà ńkọ́? Ẹ má bi mí.

Ẹ̀gbọ́n, ìdí tí mi ò fi fẹ́ "àìṣedéédé" nìyẹn. Ó ń sọ fún awakọ̀ pé bó ṣe wù ú ló ń ṣe. Típà mi ṣe déédé. Òkè ni déédé tirẹ̀, àwa la ò wò ó.

Dákúdájí ni mo fara mọ́. A ń sọ ọ́ fún aláìsàn, a ń sọ ọ́ fún iná mànàmáná. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe, kò sì sọ pé kò nídìí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí "jí" nínú rẹ̀. "Kú" tó ṣáájú rẹ̀ ò jẹ́ kó jalè. Kí àbúrò wa kọ "àléébù ìṣíná dákúdájí" sókè, kó wá pín in sí méjì nísàlẹ̀: àìyí dákúdájí, àìmú dákúdájí. Kó má sì gbàgbé àmì ohùn, kí awakọ̀ má baà rò pé omi ni ọkọ̀ kò mu.

Ó ku pọ́ǹpù kékeré tí bàbá fọwọ́ tẹ̀ yẹn. "Nǹkan yìí" ni bàbá ń pè é. Èmi ní àtẹ̀fà, pé a tẹ̀ ẹ́ kó lè fa epo. Màmá Mọ̀pà, kí lẹ rí sí i?