Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ṣọ́ọ̀bù táátù tí mo fẹ́ ṣí

Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn ọmọ LAUTECH ni kọ́sítọ́mà tí mò ń fojú sùn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù táátù tí mò ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ògiri dúdú, àwòrán agbárí, iná pupa, àmọ́ tèmi ò lè rí bẹ́ẹ̀ torí ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń bi mí bóyá ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mo fẹ́ ṣe ńbẹ̀ 😂 bẹ́ẹ̀ orúkọ tí wọ́n fín sí màmá fúnra wọn lápá ṣì hàn kedere o!

Mo fẹ́ kùn ún ní funfun, kí n lẹ táìlì sílẹ̀, torí rọ́ọ̀gì á kàn máa fa ẹ̀jẹ̀ àti íńkì mu ni. Iná ló wá dà mí láàmú. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, àmọ́ tó bá mọ́lẹ̀ jù ńṣe ló máa dà bí ọsibítù, ṣé kí n gbé e sórí àga nìkan ni? Kọ́tìnnì ńkọ́, fún obìnrin tó fẹ́ ya táátù sẹ́yìn? Àti autoclave, ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi máa se irinṣẹ́ kí kòkòrò àrùn lè kú, tó ń gbóná dé 121°C, ṣé inverter kékeré lè gbé e àbí jẹnẹrétọ̀ náà ni? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, kápẹ́ńtà ń bọ̀ ní Mọ́ńdè.