Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Windows mi: ó ti yanjú o

Ẹ rántí pé wọ́n pààrọ̀ motherboard, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà mi, n'Íjẹ̀bú-Òde, ni Windows 11 bá lóun ò mọ̀ mí mọ́, pé àṣẹ tí mo fi ń lò ó ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ní kí n wo Troubleshoot (ibi àtúnṣe) lábẹ́ Activation (ibi àṣẹ ìlò) nínú Settings, ẹ ṣé gan-an! Mo wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft tí mo ti so mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ hardware, mo mú orúkọ kọ̀ǹpútà náà, ó gbà. Àṣẹ ìlò Retail ni tèmi, mo dá a rà ni. Ká ní OEM tó bá kọ̀ǹpútà dé ni, bọ́ọ̀dù àtijọ́ ni ì bá bá lọ. Slmgr /xpr tí mo tẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò náà jẹ́rìí sí i: permanently activated, àṣẹ rẹ̀ ti dúró títí. Bọ̀dá tó fẹ́ bá mi fi crack (ọ̀nà ẹ̀bùrú láti lò ó láìsanwó) sí i, ẹ má bínú. Gààrí mi ti wà nínú omi tútù báyìí.